Àkànmú Kọ Ẹbọ Ìkúnlẹ̀

Aago méje àárọ̀ ni, òjò wínníwínní ń rọ̀, nígbà tí Àkànmú tó ń la pákó gbé Fẹ́hìntọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Eegun pẹlẹbẹ orí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún náà. Bàbá rẹ̀ ló máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í padà.

Dókítà Adéyọyin, obìnrin onírun funfun, wo fọ́tò eegun náà pẹ́.

"Bàbá Fẹ́hìntọlá, iṣan tó di eegun yìí mú ti já. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ abẹ so ó padà. Láti òní lọ, kó má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi sàn. Ẹbọ tí mo ní kí ẹ rú nìyẹn."

"Kí ọmọ mi máa nàró kí mi bí ọlọ́pàá?"

"Kó jókòó kí yín, bàbá."

"Rárá o, mà. Ẹ fún wa lóògùn ìrora, ká máa lọ."

Ìyá kan wà níbẹ̀ tí orúnkún ọmọbìnrin tirẹ̀ náà ń yẹ̀. Wọ́n sọ ohun kan náà fún un, ó sì gbà.

Nígbà tó di oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n Àkànmú ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìwó, wá láti Ìwó. Fẹ́hìntọlá fọwọ́ ti ògiri, ó tẹ̀ díẹ̀ láti kí i.

"Èmi lo ń kí àbí ògiri?" ni Bàbá Ìwó bi í.

"Kúnlẹ̀ dáadáa," ni Àkànmú wí.

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́ ìró eegun náà. Àkànmú na àtẹ́lẹwọ́ láti tì í. Eegun náà kò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé.

Nílé ìwòsàn, fọ́tò tuntun fi hàn pé eegun náà ti sán, ègé rẹ̀ kan ti há sínú oríkèé. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà ti di ńlá, orúnkún náà sì lè má ká tán mọ́ láéláé. Ọmọbìnrin ìyá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí ń rìn kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lo ọ̀pá. Ìyá tó gbọ́ràn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Àkànmú tó ṣàfojúdi kò lè gbójú sókè.

"Bàbá mi," ni Fẹ́hìntọlá wí lórí bẹ́ẹ̀dì, "ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìwó. Mi ò tíì kí wọn tán."

Àkànmú gba ìwé iṣẹ́ abẹ, ó sì fọwọ́ sí i.