Ọ̀rọ̀ Tí Fátókun Túmọ̀ ní Òkè Aràdà

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń la ọ̀nà ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀ wa, ọ̀nà náà dé ìlú Ìdóògún, ó sì dúró. Òkè Aràdà ló dí i. Òkúta ni òkè yìí láti ìdí dé ṣóńṣó, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbà yí i ká, nítorí odò wà lápá kan, ọ̀gbun sì wà lápá kejì. Ìjọba wá rán òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fi ẹ̀tù fọ́ àpáta. Àwọn ará ìlú kò lè pe orúkọ rẹ̀, wọ́n bá sọ ọ́ ní Afọ́kùúta.

Yorùbá tí Afọ́kùúta gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nígbà tó béèrè ògbufọ̀, Fátókun ni baálẹ̀ fà lé e lọ́wọ́, nítorí ó ti gbé ọ̀dọ̀ àlùfáà ìjọ rí, ó sì mọ ìwé kà. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i tó Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìbídùn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Òun náà ni olórí àwọn obìnrin tí ń fi orí ru òkúta tí ẹ̀tù bá ti fọ́ kúrò lọ́nà.

Kò pẹ́ tí Fátókun fi rí i pé èdè tí òun kà nínú ìwé yàtọ̀ sí èyí tí òyìnbó fi ń gbélé. Nínú ìwé, "go" ni lọ, "get" ni gbà, ó parí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu Afọ́kùúta, ọ̀rọ̀ kéékèèké kan máa ń rọ̀ mọ́ wọn nídìí, wọn a sì sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. "Go on" ni kí ènìyàn máa bá iṣẹ́ lọ. "Get up" ni kó dìde. Ojú ń ti Fátókun láti béèrè, kí òyìnbó má baà sọ pé kò gbọ́ èdè. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ló fi ń mọ ìtumọ̀ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́.

Báyìí ló ṣe kọ́ "go off." Ní ìrọ̀lẹ́ kan, epo tán nínú fìtílà, iná sì kú. Afọ́kùúta ní fìtílà ti "go off." Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi ẹnu kan wàrà, ó tu ú dànù, ó ní wàrà ti "go off." Fátókun gbóòórùn rẹ̀, ó ti kan. Nígbà tí ọ̀rẹ́ òyìnbó náà kan wá kí i tó sì padà sí Èkó, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ nípa rẹ̀. Fátókun ro ó papọ̀: iná kú, wàrà bàjẹ́, ọ̀rẹ́ lọ. Ó dá a lójú pé ohunkóhun tó bá ti "go off," agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó kù síbì kan.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gbẹ́ ihò méjì sínú àpáta, wọ́n ki ẹ̀tù sí wọn, wọ́n sì na okùn ẹ̀tù jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin sá sẹ́yìn ògiri òkúta nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Afọ́kùúta tiná bọ okùn méjèèjì, ó sáré gun òkìtì tó wà lódìkejì, ó gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Àárín wọn ni Fátókun dúró sí, lẹ́yìn igi ìrókò kan, níbi tí ohùn apá méjèèjì ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ihò kìíní bú. Ilẹ̀ mì, eruku bo ojú ọ̀run. Wọ́n ń retí èkejì. Èkejì dákẹ́.

Wọ́n dúró títí. Eruku wálẹ̀, oòrùn sì mú ganrín-ganrín. Afọ́kùúta kò gbé awò kúrò lójú.

"Àlàmú!" Ìbídùn fi oríkì pe àbúrò rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. "Ṣé ibí la máa sùn ni? Omi ti tán lọ́wọ́ wa, àwọn tó ní ọmọ ọmú nílé sì ti ń ráhùn. Bá wa bi ọ̀gá rẹ bóyá iná ti kú nínú okùn yẹn."

"Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣì ń wò ó."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Afọ́kùúta ti rí i tí èéfín tín-ín-rín kan rú jáde lẹ́nu ihò kejì. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo pé, "It's going to go off!"

Ọkàn Fátókun balẹ̀. Fìtílà ló rántí. Ó yíjú sísàlẹ̀, ó ké pé, "Ó ní ó ti fẹ́ kú o!"

Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń gbọn eruku nù lára. Ìbídùn gbé òṣùká lérí. "Ẹ dúró ná," ló wí fún wọn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀." Ó jáde, ó kọjú sí àpáta.

Nígbà tí Afọ́kùúta rí i, ó ju awò sílẹ̀. "Get back!" ló ń ké. "Get back! Get back!"

Fátókun mọ èyí náà. Bí Afọ́kùúta bá ń rìnrìn àjò, ohun tó fi ń sọ ọjọ́ tí yóò padà dé nìyẹn. Ó ké sísàlẹ̀, "Ó ní kẹ́ ẹ padà!"

Ìbídùn dúró láàárín gbangba. Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀.

"Padà síbo?" ló bi í. "Sẹ́nu iṣẹ́, àbí sẹ́yìn?"

Fátókun la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kò mọ̀. Ó yíjú wo òkìtì, ó rí i pé Afọ́kùúta ti dojú bolẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Èyí kò fẹ́ ìtumọ̀.

"Ẹ sá!" ló ké. "Ẹ sá, ẹ̀gbọ́n mi! Ó fẹ́ bú! Ó fẹ́ bú!"

Àwọn obìnrin ya padà sẹ́yìn ògiri. Ìbídùn ju òṣùká nù, ó yí padà, ó ń sáré. Fátókun fi ẹ̀yìn igi rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sáré lọ pàdé rẹ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí òkè Aràdà fi là.

Nígbà tí wọ́n tún lè ríran, wọ́n bá Fátókun lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán yí òkúta kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbídùn kò kú. Ṣùgbọ́n egungun ojúgun rẹ̀ ti rún. Àwọn tó ń to eegun sa gbogbo ipá wọn, síbẹ̀ ọ̀pá ló ń tì rìn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Inú ìlú ru. Àwọn ọ̀dọ́ ní Fátókun ti tà wọ́n fún òyìnbó, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rán àwọn ìyá wọn sẹ́nu ikú. Baálẹ̀ pe gbogbo wọn jọ sí ààfin rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Afọ́kùúta. Bí wọ́n ti jókòó tán ni wọ́n rí i pé kò sí ògbufọ̀ mìíràn ní Ìdóògún. Fátókun fúnra rẹ̀ ni yóò túmọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń bá a rò.

Afọ́kùúta kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń nàka sí Fátókun. Fátókun túmọ̀ rẹ̀, kò bu ọ̀rọ̀ náà kù. "Ó ní òun sọ fún mi pé ó fẹ́ bú. Ó ní kí ni mo sọ fún yín?"

"Ó ti jẹ́wọ́!" ni àwọn ọ̀dọ́ ké.

Fátókun yíjú sí Afọ́kùúta. Ó fi èdè òyìnbó bi í léèrè ohun tó sọ lọ́jọ́ tí fìtílà kú. Ojú òyìnbó náà pọ́n. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni," Fátókun túmọ̀. "Iná kú, bẹ́ẹ̀ làwọn ń pè é. Ẹ̀tù bú, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ń pè é. Ó ní òun kò fi ìgbà kan rò ó rí."

"Irọ́ ni!" ọ̀dọ́kùnrin kan fò dìde. "Baba, ara rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀! Ta ló mọ ohun tí òyìnbó sọ? Báwo ni kíkú àti bíbú ṣe lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà?"

Ààfin kún fún ariwo. Àwọn kan ti na ọwọ́ sí Fátókun. Baálẹ̀ náà kò mọ ohun tó lè gbà gbọ́. Ìgbà náà ni Ìbídùn, tí wọ́n fi ẹní gbé wá, gbé ọwọ́ sókè.

"Baba, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń bá ọmọ yìí jà lé lórí, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀."

Baálẹ̀ ní kó máa wí.

"Mo dúró ní gbangba, mo bi í pé, padà síbo? Ó wò mí, kò rí èsì fọ̀. Ẹni tó ń parọ́ kì í wá èsì tì. Bó bá fẹ́ pa mí ni, á ní kí n máa lọ síwájú. Nígbà tó sì mọ ohun tó ń bọ̀, ta ló sáré wá bá mi nínú ẹ̀?"

Ọ̀dọ́kùnrin tó dìde rọra jókòó. Ìbídùn yíjú sí àbúrò rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n o jẹ̀bi, Àlàmú. O gbọ́ orí ọ̀rọ̀, o ní o ti mú ọ̀rọ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó o béèrè ibi tí ìrù rẹ̀ kọjú sí. Ìrù yẹn ló ta mí."

Fátókun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ń sunkún. Baálẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Wọ́n bá iṣẹ́ lọ, ọ̀nà sì la òkè Aràdà já, ṣùgbọ́n Fátókun kò tún túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yíjú sí ẹni tó sọ ọ́, kó bi í ní gbangba pé, "Kí lẹ ní ó máa ṣẹlẹ̀?" Bí àwọn ọmọdé bá fi í rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà a bá wọn wí. Láti ìgbà náà, bí ará Ìdóògún bá rí ẹni tó ń kánjú sọ pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, òwe tí yóò pa fún un ni pé: ẹni tó di àkeekèé lórí mú kò tíì mú un, ìrù rẹ̀ ni kó ṣọ́.