Ìbéèrè Mẹ́ta Nípa Ilé-Ìwé Òkè-Òkun

Jókòó, Oyèkúnlé. Mo mọ̀ pé ìsinmi lo wá lò, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wàá padà sí òkè-òkun. Mi ò ní dá ọ dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Má dá sí i títí n ó fi parí.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní ìlú kan tí kò tóbi. Ọdún méje ló fi jókòó sídìí kàǹtà. Ó wù ú kó lọ sí òkè-òkun lọ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìṣúná owó, kó lè kúrò nídìí kàǹtà, kó bọ́ sáàárín àwọn tó ń pinnu ibi tí owó máa gbà. Ohun tó dára ni. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí fún ìyẹn.

Ilé-ìwé tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí kò gbà á. Ó tún kọ̀wé sí wọn lọ́dún kejì, wọn ò gbà á. Ni ó bá rí òmíràn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn yẹn ti gbà á. Wọn ò bi í ní ohunkóhun, wọn ò tilẹ̀ pè é kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ìjọ gbàdúrà fún un, àwọn ará ilé sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú.

Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì ni ilé-ìwé náà wà. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wà nínú kíláàsì, kò sì sí ọmọ ìlú náà kan ṣoṣo láàárín wọn. Àlejò ni gbogbo wọn. Ohun tí ẹ̀rọ gbé sára ògiri ni olùkọ́ wọn máa ń kà sí wọn létí. Olùkọ́ ọ̀hún kò ṣiṣẹ́ ní báńkì rí, kò sì bá ilé-iṣẹ́ kankan ṣètò owó rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Wọn ò kọ́ wọn rárá bí èèyàn ṣe ń mọ iye tí ilé-iṣẹ́ kan tó. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ parí, òfin ìlú náà kò jẹ́ kí wọ́n dúró ṣiṣẹ́, torí pé ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé wọn kò sí lára èyí tí wọ́n fún ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń di ẹrù wọn.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tó fi mọ gbogbo èyí. Mo fẹ́ kó yé ọ, Oyèkúnlé. Ó mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá ṣe? Ó wọ aṣọ kóòtù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àárín ìlú, ó dúró síwájú ilé gíga kan tó jẹ́ kìkì díńgí, ó ní kí ẹni tó ń kọjá ya òun ní fọ́tò. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa." Kò sọ pé ilé-ìwé òun nìyẹn. Ó kàn jẹ́ kí àwọn èèyàn rò bẹ́ẹ̀ ni. Irú irọ́ yẹn ló burú jù lójú tèmi, nítorí ẹni tó pa á lè fọwọ́ lé Bíbélì kó ní òun kò sọ nǹkan kan.

Obìnrin kan wà nílé, ní ìlú tí ọkùnrin náà ti wá. Báńkì kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbẹ̀ lówó ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ọ̀gá wọn máa ń ké sí bí ìṣirò bá dojú rú. Tó bá wo ìwé oníṣòwò kan lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sọ fún ọ bóyá ọjà ẹni náà ń lọ síwájú àbí ó ń kú lọ, kì í sì í tàsé. Òun náà kọ̀wé sí ilé-ìwé òkè-òkun. Méjì ló gbà á.

Ọ̀kan jẹ́ ilé-ìwé ìjọba ní ìlú kékeré kan tí òtútù ibẹ̀ pọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn yẹn yọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbà á. Olùkọ́ méjì pè é lórí fóònù, wọ́n fún un ní ìṣirò ṣe lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kó ṣàlàyé bí oníṣòwò tó ń jèrè ṣe lè wọko gbèsè. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ìtàn àdúgbò rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó fún àwọn lésì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Ìkejì ni ilé-ìwé tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì. Òun kò sì mọ̀ pé òkè ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì ló wà. Fọ́tò ilé onídíńgí nìkan ló rí.

Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe: ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárò ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín. Àwọn tó ti jáde níbẹ̀, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe báyìí? Àwọn tó ń kọ́ yín, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wọn rí? Téèyàn bá sì parí, ṣé òfin ibẹ̀ máa jẹ́ kó dúró ṣiṣẹ́? Ilé-ìwé mìíràn ti gbà mí, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi ni mo máa tẹ̀ lé."

Ó dárúkọ ilé-ìwé ìjọba yẹn fún un. Ọkùnrin náà ka orúkọ ọ̀hún, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ òtítọ́. Ó kọ ìlà méjì, ó pa á rẹ́. Ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, ìyá òun máa gbọ́, ìjọ máa gbọ́, àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí kàǹtà máa gbọ́. Èrò mìíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn, tó jẹ́ pé bí o bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, kò ní jẹ́wọ́ rẹ̀: kí ni obìnrin yìí fi sàn ju òun lọ, tí wọ́n fi gbà á níbi tí wọ́n ti kọ òun?

Ló bá dá a lóhùn pé, "Ibí dára gan-an, àbúrò mi. Máa bọ̀." Ó fi fọ́tò ilé onídíńgí tì í.

Ní ọjọ́bọ̀, obìnrin náà kọ̀wé sí ilé-ìwé ìjọba pé òun dúpẹ́, òun kò ní lè wá mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní báńkì. Ó lọ.

Ọkùnrin náà ti sọ pé òun máa wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Kò wá, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Obìnrin náà gbé àpótí rẹ̀, ó bi ará ọ̀nà títí tó fi débẹ̀. Ó gba àárín bẹ́ẹ̀dì kọjá, ó gun àtẹ̀gùn, ó bá ẹnì kan nídìí tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé gan-an dà?"

Onítọ̀hún ní, "Inú ẹ̀ lo wà yìí."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó rí iṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, torí ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin náà, tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí bọ̀ láti yàrá ìfọṣọ.

Obìnrin náà dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wà níbí nígbà tí mo bi yín."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ṣé o rò pé ó rọrùn fún mi ni?"

"Mi ò bi yín bóyá ó rọrùn. Ohun mẹ́ta ni mo bi yín, ẹ sì mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ọkùnrin náà ní, "Kò kúkú sẹ́ni tó sọ fún èmi náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú jù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un! Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Wọn ò ronú kan ará iwájú tó jìn sí kòtò, tó wá fi ewé bo ẹnu kòtò náà, tó ń juwọ́ sí ará ẹ̀yìn pé kó máa bọ̀. Ìyà tó jẹ ọ́ kò sọ ọ́ di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi jẹ ẹlòmíràn. Ta ló kọ́ wa ní irú ìwà yìí?

Obìnrin náà kọ̀wé sí ilé-ìwé ìjọba, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ó tún gbìyànjú lọ́dún kejì, kò bọ́ sí i. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì, òfin sì ní kó máa lọ. Ó padà sí báńkì kékeré. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá, abẹ́ ẹni náà ló sì jókòó.

Ṣùgbọ́n kó tó kúrò lọ́hùn-ún, ó ṣe ohun kan. Ó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi í síbi tí gbogbo ọmọ ìlú wọn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà pè é pẹ̀lú ohùn ẹkún.

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. O ń bà mí lórúkọ jẹ́."

"Mi ò dárúkọ yín, ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo wà!"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Kò yọ ọ́. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó lọ, kò rọ́wọ́ mú, ló fi ń ba ilé-ìwé onílé-ìwé jẹ́. Ìyá ọkùnrin náà lọ bá ìyá rẹ̀ jà. Síbẹ̀, èèyàn mẹ́rin tó ti ń múra láti lọ síbẹ̀ yí ẹsẹ̀ padà. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Òun náà padà sílé. Ilé-ìwé náà sọ ọ́ di aṣojú wọn. Kóòtù ló máa ń wọ̀ kiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń bá wọn wá ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ tó ń fi oyè másítà rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Ìtàn mi parí. O fẹ́ sọ̀rọ̀? O fẹ́ sọ fún mi pé ó yẹ kí obìnrin náà wádìí dáadáa? Ìwádìí wo ló tún kù? Ẹni tó wà nínú ilé ló béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Oyèkúnlé, àga tí o jókòó sí yìí náà lo jókòó sí lọ́dún tó kọjá, tí o sunkún. O ní iṣẹ́ kíkó ẹran adìyẹ sínú ike ní ilé-iṣẹ́ kan lò ń ṣe. O ní ilé-ìwé tí o lọ lọ́hùn-ún ti jẹ ọdún méjì nínú ayé rẹ, kò sì fún ọ ní nǹkan kan. Mo fi aṣọ mi nù ọ́ lójú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi.

Lánàá, Mosúnmọ́lá, ọmọ aládùúgbò yín, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Bàbá, mo bi Bọ̀ọ̀dá Oyèkúnlé nípa ilé-ìwé wọn, ẹ wo ohun tí wọ́n sọ." Mo gba fóònù, mo kà á. O ní, "Kò burú rárá. Gbìyànjú ẹ̀."

Kò burú rárá! Ẹnu tí o fi sunkún fún mi náà kọ́ nìyẹn?

Mo lè sọ fún un fúnra mi. Mi ò ní sọ ọ́. Àṣírí rẹ ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní jí i lò, ìwọ ni kí o lò ó. Ojú máa tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan ni fún ọ, ọdún méjì ni fún ọmọ yẹn. Bí o bá ń sọ ọ́ fún un, má wẹ̀ ẹ́ mọ́, má sì fi àlàyé bò ó. Sọ iṣẹ́ tí o ń ṣe. Sọ ibi tí àwọn tó ṣáájú rẹ wà.

Ọ̀la ló fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilé-ìwé yín. Ó wà nílé báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí kànga. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Èmi kọ́ ló bi ọ́ léèrè. Dìde, lọ dá a lóhùn.