Ìbọn Ọdẹ́rìndé Tí Kò Ní Apátí

Ní ìlú Ìdí-Apá, ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé agbègbè wọn, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀, òun náà sì mọ igbó bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, nígbà tí ó ń lépa ẹfọ̀n, ìtara mú un, ó rọ ẹ̀tù sínú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí ó ti yìn ín, ìdí ìbọn ta á ní èjìká, ó gbé e ṣubú sẹ́yìn, eegun èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì dá. Ẹfọ̀n ní tirẹ̀ bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n to eegun náà, ó sì jinná, àmọ́ èjìká yẹn kò gba ìbọn mọ́. Bí Ọdẹ́rìndé bá yin ṣakabùlà lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ òsì ni yóò fi máa jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò. Nígbà tí ó ṣe, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ àjà, ó gbá ọkọ́ mú.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò burú, iṣu rẹ̀ a sì máa ta dáadáa. Ohun tí ń dùn ún ni ọdún ọdẹ. Ní ọjọ́ ọdún náà, gbogbo ọdẹ Ìdí-Apá máa ń tò sórí pápá. Wọn yóò bu ẹmu sínú agbè, wọn yóò so ó mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn, olúkúlùkù yóò sì yìnbọn sí agbè tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbọn tí ó lè yìn kò gbọdọ̀ tò. Abẹ́ ibòji, láàrin àwọn ìyá arúgbó àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ni Ọdẹ́rìndé máa ń jókòó sí, tí yóò máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí ó jẹ́ pé òun gan-an ló kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn. Ó ń pàtẹ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára igi ọsàn.

Ọlọ́run ṣe é, ó ní àbúrò kan, Bámigbóyè, tí ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Nígbà tí Bámigbóyè wá sílé lọ́dún kan, ó gbé nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá tí ó wé sínú ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú u wò," ni ó wí. "Ìwé àṣẹ rẹ̀ nìyí, orúkọ yín ni ìjọba kọ sí i."

Ọdẹ́rìndé tú ẹní. Ìbọn ni, ṣùgbọ́n irú ìbọn tí kò rí rí. Ó fúyẹ́ bí ẹ̀rú ọkọ́. Ihò ẹnu rẹ̀ kéré débi pé ìka tó kéré jù lọ kò lè wọ ibẹ̀ ju eékánná lọ. Ọta rẹ̀ kò ju èso ẹ̀wà àwùjẹ lọ, ẹ̀tù rẹ̀ sì ti wà nínú ọta náà láti ilé, kò sí pé à ń rọ ẹ̀tù, à ń fi ọ̀pá kì í.

Ọdẹ́rìndé gbé e lọ sí oko. Ó gbé kùùkù àgbàdo kan sí iwájú ọ̀gán ńlá kan, kí ọta má baà kọjá lọ bá ẹnikẹ́ni. Ó di ìdí ìbọn mọ́ èjìká rẹ̀ tí ń dùn ún, ó fún ojú pọ̀, ó fún eyín pọ̀, ó yìn ín.

Pá!

Bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ ni ó dún. Èjìká rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọdẹ́rìndé la ojú, ó rí i pé kùùkù àgbàdo ti fò ṣubú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún gbé òmíràn síbẹ̀. Pá! Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sáré dé láti ìdí ẹ̀bẹ tó ń ro.

"Baálé mi, ṣé kò sí? Ta lẹ̀ ń bá rẹ́rìn-ín?"

"Àwẹ̀ró, kò ta mí! Ìbọn yìí kò ta mí rárá! Wá, ìwọ náà yìn ín wò."

"Èmi kẹ̀? Ẹ fẹ́ kí n wá máa fi ọwọ́ òsì ro ọkà fún yín ni?"

Ó janpata, ṣùgbọ́n ó gbà á níkẹyìn. Ọkọ rẹ̀ fi bí a ti ń mú un hàn án, ó ní kí ó má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohunkóhun tí kò bá fẹ́ kó kú, kí ìka rẹ̀ má sì kan ohun tí a ń fà títí ojú rẹ̀ yóò fi dá kùùkù mọ̀. Àwẹ̀ró yìn ín. Kùùkù dúró síbẹ̀, ọ̀gán ló gbà á. Ó tún yìn ín, kùùkù fò. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ bá sọ pé ó tó àkókò láti sinmi lóko, aya ni yóò kọ́kọ́ lọ wá agolo òfìfo. Wọ́n yìnbọn sí agolo, wọ́n yìnbọn sí èèpo àgbọn, wọ́n yìnbọn sí ọsàn tó ti rà. Ẹni tó bá tàsé ni yóò ru igi lọ sílé. Ọdẹ́rìndé máa ń ru igi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ a sì máa dùn bí ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò fi àkísà àti epo díẹ̀ nu ìbọn náà títí yóò fi máa dán.

Nígbà tí ọdún ọdẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Olúọdẹ pé lọ́dún yìí òun yóò tò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí n ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní apátí. Lára ṣakabùlà, irin kékeré kan wà lókè ìdí ìbọn, tí ó tẹ̀ bí orí àkùkọ. Àtàǹpàkò ni ọdẹ fi ń fà á sẹ́yìn. Bí ó bá yin ìbọn, irin náà yóò balẹ̀ gbà, iná yóò ta sí ẹ̀tù, ìbọn yóò sì dún. Irin yẹn ni apátí. Ìbọn Ọdẹ́rìndé ní tirẹ̀ kò ní irú irin bẹ́ẹ̀ lóde. Ikùn rẹ̀ ni ohun gbogbo wà, àfi irin kan bí ìdábùú ilẹ̀kùn tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́. Àṣà àwọn ọdẹ Ìdí-Apá sì ni pé, bí Olúọdẹ bá pe orúkọ ọdẹ lọ́jọ́ ọdún, kì í fi ẹnu jẹ́ ẹ. Apátí ni yóò fà sẹ́yìn, yóò dún "kà!" Ìbọn ló ń dáhùn fún olówó rẹ̀.

Ọjọ́ ọdún pé. Olúọdẹ jókòó lórí àpótí, àwọn ọdẹ tò. Ó pe orúkọ Ògúnmọ́dẹdé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ìbọn rẹ̀ gùn ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Apátí dún: kà! Ó pe Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ́rìndé fa irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí ó dún kò ju "kẹ́rẹ́" lọ.

"Ta ló ń ti ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn?" ni Ògúnmọ́dẹdé bèèrè. Pápá gba ẹ̀rín.

Ògúnmọ́dẹdé jáde kúrò lórí ìlà. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi ni Ọdẹ́rìndé, mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ohun tí kò ní apátí kì í ṣe ìbọn. Kò dún, kò rú èéfín, kò ta ènìyàn. Orógùn tí Àwẹ̀ró fi ń ro ọkà ló gbé wá!"

"Ògúnmọ́dẹdé," ni Ọdẹ́rìndé dáhùn, "ìwọ tí ìbọn rẹ ń pariwo jù yìí, ẹran wo lo pa láti èṣí? Gbogbo ẹran ti mọ ohùn rẹ, wọn a ti máa kí ọ kí o tó dé."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí Olúọdẹ bá lè sọ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ìbọn, abẹ́ ibòji ni òun yóò máa jókòó sí títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Olúọdẹ na ọwọ́. "Gbé e wá kí n wò ó. Ṣé ọta wà nínú rẹ̀?"

Ọdẹ́rìndé ṣí ikùn ìbọn, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé pàápàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó fi eékánná ha á. "Òfìfo ni, Bàbá. Kò sí ewu. N kò ti sọ pé orógùn ni?"

Olúọdẹ gba ìbọn náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó sì gbé e lé èjìká. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, bí ẹni tí ń wá ẹyẹ. Ibi tí ẹnu ìbọn bá kọjú sí, ibẹ̀ ni èrò ti ń là bí koríko tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Àwọn ìyá arúgbó abẹ́ ibòji gbàgbé orúnkún tí ń dùn wọ́n. Ọdẹ́rìndé, tí ó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ pé kò sí ọta níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sókè!" Títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá Olúọdẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Bàbá náà dúró. "Ògúnmọ́dẹdé dà?"

"Mo wà níhìn-ín, Bàbá."

"Níhìn-ín wo?"

"Ẹ̀yìn igi ọsàn ni mo wà."

"Kí lo lọ wá sẹ́yìn igi?"

"Bàbá, ẹnu ìbọn ló kọjú sí mi!"

"Ẹnu kí ni?"

Ni gbogbo pápá bá hó yèè. Àwọn kan fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, àwọn kan di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Olúọdẹ rọra da ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀.

"A ti gbọ́ ẹ̀rí," ni ó wí. "Ọdẹ́rìndé, gba ìbọn rẹ. Lọ tò."

Ọdẹ́rìndé lọ dúró sórí ìlà. Ó ti pẹ́ tí ó ti dúró níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ó kàn án, ó mí kanlẹ̀, ó sì yìn ín. Pá! Agbè àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fọ́ yángá, ẹmu wọn ti dà sílẹ̀ fún èèrà. Agbè tirẹ̀ kò fọ́. Ihò tín-ín-rín kan ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹmu sì ń dà jáde bí okùn funfun.

"Ẹ gbé igbá wá!" ni Àwẹ̀ró kígbe, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀. Àwọn àgbà tẹ̀ lé e. Wọ́n fi igbá gba ẹmu náà mu, wọ́n ní ọdún tí àwọn ti ń yìnbọn sí agbè, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni agbè ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwọn lálejò.

Ògúnmọ́dẹdé náà gbé igbá tirẹ̀ dé, ó ń tijú díẹ̀. Ọdẹ́rìndé bu ẹmu fún un, ó sì bi í pé ṣé inú oòrùn ni yóò ti mu ún ni àbí ẹ̀yìn igi. Àwọn ọdẹ yòókù gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bá a wá apátí tí ó sá fún. Ó mu ẹmu rẹ̀ tán, ó nu irùngbọ̀n, ó wo gbogbo wọn yíká, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Èsì tí ó fọ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbà, tí wọ́n sọ di òwe títí di òní pé: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?"