Arìnfẹ̀yìn Orí Òkè

Pátákó ni Fádékẹ́mi máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín lókè òkun, kó tó ṣubú tí iṣan orúnkún rẹ̀ já. Wọ́n tún un ṣe, ó sì wá sinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkéré. Dókítà ní kó máa fẹ̀yìn rìn gun òkè, kí orúnkún lè lágbára. Àdúgbò figbe ta: "Ayé ti ṣe ọmọ yìí!" Ojú tì í, ó jókòó sílé, ni orúnkún bá ń gan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ìyá àgbà lójú ọ̀nà, tòun tọ̀pá, tó ń fẹ̀yìn rìn gòkè.

"Ìyá, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Kí wọ́n máa ṣe é. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Bọ́ síta, kí àgbò di méjì."