Ebè Àlejò Lóko Adérọ̀gbà

Bí ará abà Ẹlẹ́ẹ̀rù bá ní, "Àlejò kò mú ọkọ́ wá, ebè rẹ̀ ló kún oko onílé," àjèjì á yanu, á ní ta ló wá bá a kọ ebè ọ̀hún? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ rèé.

Ẹ̀gẹ́ Adérọ̀gbà ló ń ṣàìsàn. Ewé ń ká kò, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Baba yìí wo abẹ́ ewé, kò rí ìdin, kò rí tata. Ó wú gbòǹgbò, kò bá ikán níbẹ̀. Kí ló ń jẹ oko òun tí kò lẹ́nu? Nígbà tí kò rí ẹni mú, ó mú Ọ̀pẹ́fèyítìmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà.

"Ìwọ lo da oògùn sóko mi!"

"Èmi? Ẹ̀gẹ́ tèmi náà kọ́ ló ń kú lọ yìí?"

Oṣù méjì gbáko, wọn kò kí ara wọn.

Mojírádé ọmọ Adérọ̀gbà, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ irè oko wò, wá kí i. Ó já ewé kan, ó wò ó.

"Bàbá, fáírọ́ọ̀sì ni."

"Eyín rẹ̀ dà?"

"Kò léyín, kò lọ́wọ́, ojú lásán ò sì lè rí i. Àṣẹ nìkan ló gbé wọlé."

"Àṣẹ báwo?"

"Àìmọye yàrá wínníwínní ló wà nínú ewé kan. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tó ń tẹ̀ lé: ṣe ewé, ta iṣu. Fáírọ́ọ̀sì á ki tirẹ̀ bọ àárín wọn: ẹ ṣe irú mi sí i. Ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé àjèjì ló ń pàṣẹ. Irinṣẹ́ tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe náà ló ń fi ṣe ọ̀tá."

Adérọ̀gbà káwọ́ lérí. "Ẹ̀gẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é?"

"Òun ni. Inú igi tí ẹ gé gbìn ló ti wà. Ta lẹ tún fún lára igi yẹn?"

Baba rántí. Ọ̀pẹ́fèyítìmí ni òun fún, ìdì mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sán gangan ló lọ bá a, ó ṣí fìlà. "Èmi ni mo gbé e fún ọ. Mi ò mọ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn mú àdá, ó tẹ̀ lé e lọ sóko. Àwọn méjèèjì jọ wú oko méjèèjì tán, wọ́n dáná sun ún kí àìsàn náà má baà tàn mọ́.

"Adérọ̀gbà, ta ló wá ṣe wá báyìí gan-an?"

Adérọ̀gbà mirí. "Kò tíì yé mi délẹ̀. Àlejò kan ni. Kò mú ọkọ́ wá, ebè rẹ̀ ló kún oko onílé."