Ìbídùn àti Ẹ̀rọ Tí Kò Dáhùn

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìbídùn ń tún àpótí tí ilé ìwòsàn fi ń mú ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru ṣe nílé. Kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ń bi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru léèrè gba inú wáyà, kò rí èsì. Ìbídùn pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí.

Bàbá rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú kí ọ̀rọ̀ máa pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ní, "Bóyá o ń sáré bi í jù. Bí wọ́n bá sáré bi èmi náà, èsì kì í jáde."

Ìbídùn dín eré tí kọ̀ǹpútà náà fi ń béèrè kù. Ẹ̀rọ dáhùn. Ó gbé àpótí náà padà sí ilé ìwòsàn; nírọ̀lẹ́, ọmọ kan sùn sínú rẹ̀.

Ìbídùn padà wálé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń já gbà mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ tán."

Ó sì dúró gbọ́ ọ.