Ìdí Tí Mọ́tò Oníná Kò Fi Ní Ohùn

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ohun èlò ilé ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, Ìyá Tiransfọ́mà ló ń se oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò. Iná ni oúnjẹ wọn. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, Fíríìjì, Fáànù àti Áyọ́ọ̀nù á jókòó yí ìkòkò rẹ̀ ká, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa rojọ́.

Ni àlejò kan bá dé, Mọ́tò Oníná. Ohùn rẹ̀ le bíi ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

"Ẹ wá jẹun o," ni Fíríìjì wí.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí ọmọ tí a kọ́ ń sọ: "Á gba ibi ire o," a ó sì bá tiwa lọ. Ta ní í jókòó? Mọ́tò jókòó! Ó ki ẹnu bọ ìkòkò.

"Bùọ̀dá, ó tó báyìí," Áyọ́ọ̀nù ní.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí!"

Gbàù! Ìkòkò fọ́. Àdúgbò ṣókùnkùn biribiri. Yìnyín yọ́ lára Fíríìjì, àfi bí ẹni tó tọ̀ sílé.

"Kò gbọdọ̀ jẹun níbí mọ́!" ó pariwo. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ilé adìyẹ!"

Adìyẹ tó ń kọjá gbọ́. Ó wọ inú Mọ́tò, ó ń fi ìdí wọn àga. "Ibí á gba ẹyin mẹ́wàá."

Mọ́tò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Tí n ò bá jẹun, n ò ní lè rìn mọ́ láé."

Àánú ṣe Ìyá. Ó gbé ìkòkò mìíràn kaná.

"Ọmọ mi, àsìkò tí o wá ni kò dáa. Bí àwọn wọ̀nyí bá sùn tán, oúnjẹ mi a máa ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Ìgbà náà ni kí o wá. Àmọ́ tí o bá jí wọn, gbogbo wọn á tún dà bo ìkòkò, á tún fọ́, adìyẹ á sì kó wọlé."

Òru dé. Mọ́tò bu òkèlè kan sẹ́nu. Háà, ó dùn! Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí Fíríìjì yíra padà lójú oorun. Kíá, Mọ́tò gbé òkèlè mì, ó gbé ohùn mì tẹ̀lé e.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ kí Ìyá. Ó la ẹnu títí, ohùn kò jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò oníná ti ń jẹun nígbà tí gbogbo ilé bá sùn, tí kì í sì í pariwo lójú títì. Á kàn yọ sí ọ lẹ́yìn wẹ́rẹ́, wàá fò sókè, wàá ní, "Ta nìyẹn?" Má bínú sí i. Ó ń dá ọ lóhùn, inú ikùn ló ti ń sọ ọ́.